Kẹ́ ẹ tó wọ ẹ̀rọ MRI, ẹ má fi nǹkan kan pamọ́

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, lẹ́tà tó ń wọlé sí ojú ewé wa lórí ọ̀rọ̀ MRI ti ń pọ̀ sí i. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn ń béèrè, ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá ẹ̀ ń béèrè, ìyá tí gìrì ń mú ọmọ ẹ̀ náà ń béèrè. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ mọ̀ ni pé èló ni wọ́n ń yà á, ṣé wọn ò ní ti èèyàn mọ́nú ihò, àti pé ṣé kì í fa jẹjẹrẹ. Ìbéèrè gidi ni gbogbo ẹ̀. Àmọ́ èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ, kò sẹ́ni tó béèrè ẹ̀ nínú wọn. Òun náà ni pé: kí ló wà lára mi, kí ló wà lára ẹni tó máa sìn mí lọ, tí kò gbọdọ̀ dé ìtòsí ẹ̀rọ yẹn? Ìyẹn gan-an la fẹ́ fi tọ̀sẹ̀ yìí sọ, nítorí ibẹ̀ ni ewu MRI wà.

Irú ẹ̀rọ wo ni MRI?

Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. MRI kì í ṣe ẹgbẹ́ X-ray rárá. X-ray àti CT scan máa ń lo ìtànṣán tó ń gba inú ara kọjá, ìdí nìyẹn tí dókítà kì í fi í fẹ́ kí wọ́n máa yà wọ́n léraléra láìnídìí. MRI ò lo irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀. Òòfà ló ń lò, ìyẹn mágínẹ́ẹ̀tì. Ẹ rántí bá a ṣe máa ń yọ òòfà lára sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́ nígbà tá a wà lọ́mọdé, tá a ó máa fi kó ìṣó àti ìdérí ìgò nílẹ̀. Irú ẹ̀ ló wà nínú MRI, àmọ́ ti MRI kì í ṣe kékeré. Omi pọ̀ nínú ara wa, òòfà yìí á mú kí háídrójìn tó wà nínú omi náà tò sójú kan, ìgbì bíi ti rédíò á tì wọ́n kúrò láyè wọn, bí wọ́n bá sì ti ń padà, wọ́n á máa ta àmì tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ di àwòrán. Ìdí nìyẹn tí MRI fi ń rí ọpọlọ, ọ̀pá ẹ̀yìn, iṣan àti oríkèé ara ketekete.

Ọjọ́ kẹta, oṣù keje, ọdún 1977 ni Raymond Damadian àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kọ́kọ́ fi irú ẹ̀rọ yìí ya gbogbo àyà èèyàn l'Amẹ́ríkà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà wọ́n ní wákàtí márùn-ún. Nígbà tó di ọdún 2003, wọ́n fún Paul Lauterbur ará Amẹ́ríkà àti Peter Mansfield ará Ìlú Ọba ní ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sí i. Lónìí, ó lè má ju ìṣẹ́jú 15 lọ, ó sì lè tó wákàtí kan ààbọ̀, ó kù síbi tí wọ́n bá fẹ́ yà lára.

Agbára òòfà yìí ni kẹ́ ẹ wá gbọ́. Tesla ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ MRI nílé ìwòsàn jẹ́ 1.5 tàbí 3 Tesla. Èyí tó jẹ́ 1.5 yẹn, agbára ẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po 30,000 agbára òòfà ilé ayé tó ń darí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì. Irin tó bá sún mọ́ ọn kì í rọra lọ, ńṣe ló ń fò. Kọ́kọ́rọ́ lè di ọta ìbọn, àga onírin lè di ohun tó ń já lu èèyàn.

Ohun kejì tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé òòfà yìí kì í sinmi. Ó ń fa irin lọ́sàn-án, ó ń fa irin lóru, bóyá wọ́n ń ya aláìsàn lọ́wọ́ ni o, bóyá yàrá ṣófo ni o. Kí wọ́n mú iná lọ ládùúgbò, kí jẹnẹrétọ̀ kọṣẹ́, kí gbogbo ilé ṣókùnkùn, òòfà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ máa wọlé pé àwọn ti pa ẹ̀rọ, ẹ má dá a lóhùn. Ẹni tó ń darí ẹ̀rọ náà gan-an nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kẹ́ ẹ wọlé.

Kì í ṣe aláìsàn nìkan ló wà nínú ewu

Ẹgbàágbèje èèyàn ló ń wọ ẹ̀rọ yìí káàkiri ayé, tí wọ́n ń jáde ní àlàáfíà. A ò sọ ìyẹn nù. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo mẹ́rin nínú ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ, kẹ́ ẹ lè rí ohun tá à ń wí.

Lọ́dún 2001, nítòsí New York l'Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún mẹ́fà kan tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ní ọpọlọ wà nínú ẹ̀rọ MRI. Ó nílò ọ́síjìn, ni wọ́n bá gbé sìlíńdà onírin wọ yàrá. Òòfà já a gbà, ó fò wọnú ẹ̀rọ, ó sì gbá ọmọ náà lórí. Ọmọ náà kú.

Ní oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2018, ní Mumbai lórílẹ̀-èdè Íńdíà, ọkùnrin ẹni ọdún 32 kan sin ẹbí ẹ̀ lọ ya MRI. Òun ló gbé sìlíńdà ọ́síjìn dání. Àwọn ẹbí ẹ̀ ní òṣìṣẹ́ kan ló sọ fún wọn pé ẹ̀rọ ò ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Bó ṣe wọlé ni òòfà fa sìlíńdà tòun-tọwọ́ ẹ̀. Ó kú.

Ní oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2023, ní São Paulo lórílẹ̀-èdè Brazil, lọ́yà kan mú ìyá ẹ̀ lọ yà á. Wọ́n ní kí tìyá-tọmọ bọ́ gbogbo irin ara wọn, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé. Lọ́yà ò sọ pé ìbọn wà nídìí òun. Òòfà fa ìbọn náà yọ, ìbọn dún, ọta bà á níkùn. Oṣù kejì ọdún náà ló kú.

Ní oṣù keje, ọdún 2025, ní Westbury, nítòsí New York kan náà, wọ́n ti ya obìnrin kan tán, ó wá ní kí ọkọ òun wá gbé òun dìde. Ọkọ, ẹni ọdún 61, wọlé pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n irin tó fi ń ṣe eré ìdárayá lọ́rùn ẹ̀. Ẹ̀wọ̀n náà tó nǹkan bíi kílò mẹ́sàn-án. Òòfà fi ẹ̀wọ̀n gbé e mọ́ ara ẹ̀rọ. Ọjọ́ kejì ló gbẹ́mìí mì.

Ẹ tún wọn wò. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n wá yà. Àwọn mẹ́ta yòókù, ẹbí tó sin aláìsàn wá ni wọ́n. Báwo la ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ tiwa? Aláìsàn kì í dá lọ sọ́síbítù nílẹ̀ Yorùbá. Ìyá á tẹ̀ lé e, àbúrò á tẹ̀ lé e, ìyàwó pásítọ̀ á tún yà wá. Bàbá tí ọmọ ẹ̀ ń ké nínú yàrá kì í dúró gba àṣẹ kó tó sáré wọlé. Àánú ló ń lé e lọ, àmọ́ òòfà ò mọ àánú. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kó yé gbogbo ẹni tó bá máa tẹ̀ lé yín pé ìbéèrè tí wọ́n bá bi aláìsàn, òun náà gbọ́dọ̀ dáhùn ẹ̀. Bí kò bá sí ohun tó fẹ́ ṣe nínú yàrá náà, kó jókòó síta.

Ohun tí kò ṣeé bọ́, ẹ sọ ọ́

Kí wọ́n tó yà yín, wọ́n á fún yín ní fọ́ọ̀mù tí ìbéèrè pọ̀ nínú ẹ̀. Ìwé yẹn gan-an ni ààbò yín, kì í ṣe ìwé owó. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn èèyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á fi “rárá, rárá, rárá” kún un láìkà á, wọ́n á fọwọ́ sí i, wọ́n á ní kí wọ́n tètè dá àwọn lóhùn. Òmíràn á gbé e fún ọmọ ẹ̀ pé kó bá òun kọ ọ́. Ọmọ tí wọ́n bí ní 1990, báwo ló ṣe fẹ́ mọ iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún ìyá ẹ̀ ní 1985? A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Bẹ́ ẹ ò bá gbọ́ òyìnbó, ẹ ní kí wọ́n ka ìbéèrè náà fún yín lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan lédè Yorùbá. Àwọn nǹkan tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ la ẹnu sọ nìyí:

Ẹ̀rọ inú àyà. Àwọn kan wà tí ọkàn wọn ò lù déédéé, tí wọ́n wá fi ẹ̀rọ kékeré tó ń jẹ́ pacemaker sí abẹ́ awọ àyà wọn. MRI lè da irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rú. Láti ọdún 2011 ni wọ́n ti fọwọ́ sí oríṣi kan l'Amẹ́ríkà tó lè wọ MRI bí wọ́n bá tẹ̀ lé ìlànà ẹ̀, àmọ́ ojú lásán ò lè mọ ìyàtọ̀. Káàdì tí wọ́n fún yín lọ́jọ́ tí wọ́n fi í sí i ni kẹ́ ẹ mú dání.

Irin inú orí àti etí. Bí wọ́n bá ti fi irin dí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó fẹ́ bẹ́ nínú ọpọlọ yín rí, tàbí wọ́n fi ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ sí inú etí yín níbi iṣẹ́ abẹ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tì yín wọlé láìrí ìwé ibi tí wọ́n ti ṣe é.

Irin tí wọ́n fi to egungun. Ìjàǹbá ọ̀kadà ti jẹ́ kí irin wà nínú itan àti ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn láàárín wa. Púpọ̀ nínú irin wọ̀nyí ni òòfà kì í fà, pàápàá èyí tó jẹ́ titanium, kì í sì í dí MRI lọ́wọ́. Síbẹ̀, ẹ sọ ọ́, nítorí ó lè gbóná, ó sì lè ba àwòrán agbègbè ibẹ̀ jẹ́. Ẹ sọ ọdún tí wọ́n fi í sí i àti ọsibítù tó ṣe é.

Ọta ìbọn. Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ̀yin ṣọ́jà, ẹ̀yin tí adigunjalè yìnbọn fún rí, ọ̀rọ̀ yín rèé. Ọta ìbọn ṣákàbùlà lè jẹ́ irin wẹ́wẹ́, ó sì lè wà nínú ẹran ara fún ogún ọdún láìdun èèyàn. Bó bá jẹ́ irin tí òòfà ń fà, tó sì wà nítòsí ọ̀pá ẹ̀yìn, ojú tàbí iṣan ẹ̀jẹ̀, ó lè sún, kó sì ṣèpalára. X-ray ni wọ́n á kọ́kọ́ fi wo ibi tó wà.

Ẹ̀fọ́ irin nínú ojú. Wẹ́dà, alágbẹ̀dẹ, páńẹ́lì-bítà, àtẹni tó ń lọ irin, ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Lọ́dún 1986, àwọn dókítà l'Amẹ́ríkà ròyìn ọkùnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ irin rí. Irin wínníwínní kan ti wọ ọ́ lójú tipẹ́, kò sì mọ̀ pé ó ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tó wọ MRI, irin náà sún, ẹ̀jẹ̀ ya sínú ojú ẹ̀, ojú yẹn ò sì ríran mọ́. Bí nǹkan bá ti ta sí yín lójú rí lẹ́nu iṣẹ́, bó ti wù kó pẹ́ tó, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n kọ́kọ́ fi X-ray wo ojú yín.

Ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Èyí tí wọ́n ń fi sínú ilé-ọmọ, tó ní kọ́pà lára, kì í sábà dí MRI lọ́wọ́. Èyí tí wọ́n ń fi sí awọ apá ò ní irin nínú. Ṣùgbọ́n ẹ sọ èyí tẹ́ ẹ ń lò, kí wọ́n lè mọ irú ẹ̀.

Ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara. Ẹ̀rọ tí aláìsàn àtọ̀gbẹ fi ń wo ṣúgà tàbí tó ń fún un ní insulin gbọ́dọ̀ kúrò lára, àfi tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá ní ó lè wọ MRI. Oògùn tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ náà ńkọ́? Lọ́dún 2009, àjọ FDA tó ń mójú tó oògùn l'Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé àwọn kan nínú wọn ní irin lẹ́yìn, wọ́n sì lè jó èèyàn nínú MRI. Ẹ bi dókítà yín bóyá kẹ́ ẹ yọ ọ́, àti ìgbà tẹ́ ẹ máa lẹ òmíràn.

Ọ̀rọ̀ àṣírí wá ńkọ́? Òun ló ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìyàwó kan lè ti ṣètò sọ́mọ bíbí láìjẹ́ kí ọkọ ẹ̀ mọ̀. Bàbá kan lè ti jẹ ọta ìbọn níbi ìjà tí kò fẹ́ kí àwọn ọmọ ẹ̀ gbọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọ̀nà àbáyọ wà níbẹ̀: ẹ ní ẹ fẹ́ dá bá nọ́ọ̀sì tàbí ẹni tó fẹ́ yà yín sọ̀rọ̀. Ẹ ní kí ọkọ tàbí ọmọ yín dúró síta díẹ̀. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ẹ̀ níṣẹ́ kò gbọdọ̀ tú àṣírí aláìsàn, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè pé kó pa á mọ́.

Ohun tó ṣeé bọ́, ẹ bọ́ ọ sílé

Ohun tó dáa jù ni pé kẹ́ ẹ ti fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nílé kẹ́ ẹ tó jáde. Fóònù, aago ọwọ́, kọ́kọ́rọ́, owó ẹyọ, bẹ́líìtì, bírò, awò ojú, eyín àtọwọ́dá tó ṣeé yọ, ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ ẹ̀yìn etí, yẹtí, ẹ̀gbà ọrùn, òrùka. Káàdì ATM kì í fò, àmọ́ òòfà lè pa ohun tó wà lórí ẹ̀ rẹ́.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ wo orí yín. Pín-ìnì tẹ́ ẹ fi ń di gèlè tàbí híjáàbù mú, kílíìpù wíìgì, àti irin tó bá wà nínú irun tí wọ́n rán mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ MRI orí ni, ẹ má lọ dirun olówó ńlá lọ́jọ́ méjì sí i. Kọ́mú ní irin, síìpù ní irin. Léèsì àti aṣọ òkè tó ń dán yinrinyinrin lè ní òwú onírin nínú, irú aṣọ bẹ́ẹ̀ lè gbóná lára. Àwọn aṣọ eré ìdárayá kan náà wà tí wọ́n hun òwú fàdákà mọ́. Aṣọ ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbà wọ̀. Ẹ fọ tìróò àti àtíkè ojú kúrò, ẹ má sì fi ìlẹ̀kẹ̀ ìdí sílẹ̀ láìsọ, nítorí àwọn míràn ní irin láàárín.

Ó wá kan àwọn ohun tí a kì í fẹ́ bọ́. Òǹdè wà, ìfúnpá wà, òrùka àti ìgbàdí wà. Ẹlòmíràn, ìlérí ló ṣe pé kò ní kúrò lára òun. Ojú ewé yìí kò ní kẹ́ ẹ jù ú nù, a ò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ ẹ̀. Ohun tá à ń sọ ni pé ẹni tó rán an mọ́ awọ lè ti fi irin tàbí abẹ́rẹ́ sínú ẹ̀, ẹ̀yin gan-an sì lè má mọ̀. Ẹ bọ́ ọ fún ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán, kó jókòó síta pẹ̀lú ẹ̀, kẹ́ ẹ gbà á padà bẹ́ ẹ bá jáde. Medálì ṣọ́ọ̀ṣì àti tẹ̀sùbáà onírin wà lábẹ́ òfin yìí kan náà. Ọlọ́pàá tàbí ẹ̀ṣọ́ tó bá mú ìbọn dání, kó má tiẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà.

Oúnjẹ àti oògùn

Àṣìṣe tó pọ̀ nídìí ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn èèyàn máa ń febi pa ara wọn, wọ́n á sì pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn tì. MRI orí, ẹ̀yìn tàbí orúnkún kì í sábà gba kẹ́ ẹ má jẹun. Ẹ jẹun bẹ́ ẹ ṣe ń jẹ, ẹ lo oògùn yín bẹ́ ẹ ṣe ń lò ó, àyàfi tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ inú ni wọ́n fẹ́ yà, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ má jẹun fún wákàtí mélòó kan. Ẹ̀yin alátọ̀gbẹ, bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ má jẹun, ẹ tètè sọ pé ẹ ń lo oògùn ṣúgà, kí wọ́n lè sọ bẹ́ ẹ ṣe máa lò ó. Ẹ tọ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé, nítorí ìtọ̀ kì í jẹ́ kéèyàn dúró jẹ́ẹ́.

Yàrá náà máa ń tutù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àrùn fọ̀níkú-fọ̀ládìde, ẹ mu omi dáadáa ṣáájú, ẹ sì ní kí wọ́n fún yín ní aṣọ ìbora, nítorí òtútù lè dá ìrora sílẹ̀ fún yín.

Abẹ́rẹ́ tó ń mú kí àwòrán hàn

Nígbà míràn, wọ́n á gún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ tí gadolinium wà nínú ẹ̀, kí àwòrán lè hàn dáadáa. Kì í sábà fa wàhálà. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2006, àwọn dókítà nílẹ̀ Yúróòpù rí i pé ó lè fa àìsàn burúkú kan tó ń mú awọ ara le gan-an fún àwọn tí kíndìnrín wọn ti bàjẹ́. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń ṣọ́ra, wọ́n sì ti ń lo oríṣi tí ewu ẹ̀ kéré púpọ̀. Bí kíndìnrín yín bá ní wàhálà, tàbí ẹ ń ṣe ìfọ̀jẹ̀, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó gún yín. Ẹ sọ ọ́ náà bí abẹ́rẹ́ irú ẹ̀ bá ti mú ara yín yún tàbí mú kẹ́ ẹ má lè mí dáadáa rí.

Ẹ̀yin aboyún, àtẹ̀yin tí nǹkan oṣù yín pẹ́, ẹ sọ ọ́. Wọ́n lè ya MRI fún aboyún bí ìdí pàtàkì bá wà, àmọ́ wọ́n kì í fẹ́ fún un ní gadolinium. Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú lè máa fún un lọ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà, nítorí èyí tó ń dé inú ọmú kò tó nǹkan.

Bí ẹ̀rù bá ń bà yín

Òótọ́ ni pé inú ihò gbọọrọ kan ni wọ́n máa ń tì yín sí, àmọ́ iwájú ṣí, ẹ̀yìn ṣí. Ó ń pariwo bí ìgbà tí wọ́n ń fi òòlù lu páànù, nítorí náà ẹ gba ohun ìdí-etí, ẹ má kọ̀ ọ́. Wọ́n á fún yín ní rọ́bà kan tẹ́ ẹ lè tẹ̀ bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n dá a dúró. Bó bá jẹ́ pé ibi tó há máa ń ká yín láyà, ẹ sọ fún dókítà ṣáájú ọjọ́ náà, ó lè fún yín ní oògùn tó ń fara balẹ̀. Bẹ́ ẹ bá lo irú oògùn bẹ́ẹ̀, ẹ má wakọ̀ padà sílé.

Ẹ dúró jẹ́ẹ́. Ẹ má kó ọwọ́ pọ̀, ẹ má gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, nítorí ibi tí ara bá ti kan ara lè gbóná kó sì jó. Bí ibì kan bá ń gbóná lára yín, ẹ tẹ rọ́bà yẹn, ẹ má mú un mọ́ra. Ẹni tó bá ń mì jìgìjìgì, àwòrán ẹ̀ á bàjẹ́, wọ́n sì lè ní kó wá san owó gọbọi míràn.

Ọmọdé ò lè dúró jẹ́ẹ́ bí àgbà, wọ́n lè fún un ní oògùn oorun. Nígbà yẹn, àìjẹun di dandan. Ohun tí wọ́n sábà ń sọ ni pé kó má jẹun fún wákàtí mẹ́fà, kó má mu ọmú fún wákàtí mẹ́rin, kó má mu omi fún wákàtí méjì. Ìyá tó bá fi àánú fún ọmọ ní ẹ̀kọ mímu lábẹ́lẹ̀ ló ń fi ẹ̀mí ọmọ ẹ̀ wewu, nítorí ọmọ lè bì í sínú ẹ̀dọ̀fóró lójú oorun. Bí àánú bá ṣe yín, tí ẹ sì ti fún un, ẹ sọ ọ́, kí wọ́n sún un síwájú.

Ìbéèrè yín

Ẹnì kan ní ṣé MRI ń fa jẹjẹrẹ? Rárá, kò lo ìtànṣán tí à ń bẹ̀rù yẹn.

Ẹlòmíràn ní bàbá òun ní irin lẹ́sẹ̀, ìwé iṣẹ́ abẹ sì ti sọnù. Ẹ padà sí ọsibítù tó ṣe é, ẹ ní kí wọ́n wo fáìlì. Bí kò bá sí, ẹ sọ òótọ́ fún àwọn tó fẹ́ yà á. Wọ́n lè fi X-ray wò ó kí wọ́n tó pinnu. Ohun tí kò dáa ni kẹ́ ẹ sọ pé kò sí irin rárá.

Ẹnì kẹta ní wọ́n ní kí òun wá lọ́la, òun ò sì rí fọ́ọ̀mù kankan gbà. Ẹ béèrè fún un. Bí wọn ò bá bi yín ní ìbéèrè kankan nípa irin, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Bẹ́ ẹ bá sì sọ ọ́ tán, tí wọ́n ní kò sí wàhálà láìyẹ ohunkóhun wò, ẹ ní ẹ fẹ́ rí dókítà tó ń ka àwòrán náà kẹ́ ẹ tó wọlé.

Ẹ gé ojú ewé yìí pamọ́, ẹ fi há ibi tí ìwé ọsibítù yín wà. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú MRI, kí tẹbí-tará tó ń bá yín lọ jókòó, kẹ́ ẹ jọ kà á. Kí àwọn ọmọ bi ìyá léèrè iṣẹ́ abẹ àtijọ́, kí ìyá bi ọmọ tó fẹ́ sìn ín lọ léèrè ohun tó wà lápò ẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò ní gbà yín. Ìbéèrè yín lórí ìlera àti ilé, ẹ máa fi ránṣẹ́ sí wa. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.